Kòkòrò Inú Ẹ̀jẹ̀

Tí mo bá ti gbóòórùn kápúsù tí wọ́n tú, ọ̀sán ọjọ́ kan ní Ọ̀kọ̀kọ́máìkò ló máa ń padà wá bá mi.

Ìṣó ti gún Sìstá Rẹ̀mí, ẹ̀gbọ́n mi, lẹ́sẹ̀. Màmá tú kápúsù pupa àti yẹ́lò, wọ́n da ìyẹ̀fun rẹ̀ sójú egbò náà, bí gbogbo àdúgbò ṣe ń ṣe. Nígbà tí ara rẹ̀ gbóná, wọ́n ní ibà ni, wọ́n fún un lóògùn ibà. Lọ́sàn-án yẹn, kò dá mi mọ̀ mọ́.

Nọ́ọ̀sì ilé kejì fọwọ́ kàn án, ni wọ́n bá figbe ta: "Ìyá Rẹ̀mí, kòkòrò ti wọnú ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí! Ọsibítù yá!"

Wọ́n fi ìró Màmá wé e, wọ́n gbé e lọ. Kò yé mi. Kòkòrò wo? Mo gbọn bẹ́ẹ̀dì, mo gbé pílò. Eèrà kan ni mo rí, mo sì tẹ̀ ẹ́ pa.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé ibà tí a ń wò ló jẹ́ ká pẹ́ jù.

Nírọ̀lẹ́, Màmá nìkan ló padà wọlé, wọ́n ká ìró náà mọ́wọ́. Mo sáré pàdé wọn.

"Màmá, mo ti rí i! Mo ti pa á! Ẹ lọ sọ fún Sìstá Rẹ̀mí."