Aṣọ Tí Àna Mi Bá Mi Yàn

Èmi kì í ṣe akíkanjú. Bí ajá bá gbó ní Agbowó, mo ti dé Ṣàngó. Ìdí nìyẹn tí àbúrò ìyàwó mi fi ní kí n wá kọ́ jujítsù, ìjàkadì àwọn ará Bùràsíl, níbi tí òun náà ti ń kọ́ ọ ní Bódìjà. Ó ní ẹ̀rù yóò kúrò lára mi. Mo gbà á gbọ́, torí ó máa ń dọ̀bálẹ̀ kí mi dáadáa.

Ọrùn mi ló ń bà mí lẹ́rù. Aṣọ funfun tí wọ́n fi ń jà, tí wọ́n ń pè ní gí, kọ́là rẹ̀ gan-an ni wọ́n máa ń fi fún èèyàn lọ́rùn. Bí mi ò bá fara balẹ̀ yàn án, èmi ni mo fọwọ́ ara mi ra okùn.

Olùkọ́ kó àwọn gí tí wọ́n ti lò jáde. Mo mú ọ̀kan tí apá rẹ̀ fún, tí kọ́là rẹ̀ le bíi pátákó, kó má baà rọrùn láti dì mú. Àna mi gbà á lọ́wọ́ mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé yunifọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé lẹ fẹ́ wọ̀ ni? Àgbà bíi tiyín? Ẹ gba eléyìí, kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí yín."

Eléyìí fẹ̀ lápá bí agbádá, kọ́là rẹ̀ sì rọ̀ bí ọ̀já. Nílé wa, bí aṣọ àgbà ò bá fẹ̀, a ó ní owó ló tán lọ́wọ́ rẹ̀. Orí mi wú, mo rà á.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ máa jà, àna mi ní òun ló máa bá mi jà. Ó wé apá aṣọ mi mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni ń fún aṣọ tó fọ̀, ó fi kọ́là rírọ̀ yẹn yí mi lọ́rùn. Mo fọwọ́ gbá ilẹ̀ pé mo ti gbà. Nígbà tó fi mí sílẹ̀ tán, mo tún gbá a, kó lè dá a lójú.

Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Mo bi ẹni tó jókòó tì mí pé kí ló dé.

"Bàbá, látìgbà tí àna yín yìí ti ń bọ̀ níbí, kò tíì na ẹnikẹ́ni rí. Ẹ̀yin lẹni àkọ́kọ́."

Nínú kẹ̀kẹ́ tá a jọ wọ̀, àna mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbìyànjú o." Mo sọ̀ ní Agbowó, mo gbé gí náà fún télọ̀, mo ní àna mi ló bá mi yàn án, kó bá mi dín apá rẹ̀ kù, kó fi aṣọ líle sínú kọ́là.

Télọ̀ gbé e sókè, ó wò mí. "Ṣé ẹni tó bá yín yan èyí ò mọ̀ yín ni?"

"Ó mọ̀ mí," ni mo wí. "Ó mọ̀ mí dáadáa."