Ẹ̀gbọ́n tó ń kí òtútù nínú ooru Sharjah

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n kan tá a jọ ń gbé yàrá ní Al Khan máa ń kí òtútù nínú ooru Sharjah. Ìyàwó wọn wà ní Sweden pẹ̀lú ọmọ tí wọn ò tíì fojú rí. Físà ti jáde, síbẹ̀ ẹ̀rù ń bà wọ́n pé wọ́n lè dá wọn padà ní pápákọ̀ òfurufú. Lójú wọn, kò sẹ́ni tó máa lé ẹni tó bá kí i kú òtútù.

Wọ́n á tẹríba níwájú dígí, òógùn á máa bọ́: "Det är kallt i dag." Òtútù mú lónìí nìyẹn lédè Sweden.

"Ẹ̀gbọ́n, bí oòrùn bá wá ń ràn níbẹ̀ ńkọ́?"

"Ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé mi ni? Khalas, ó tó, jẹ́ n gbọ́ràn!"

Lálẹ́ tí wọ́n máa gbéra, wọ́n ṣì ń kí òtútù níwájú dígí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n pè mí láti Sweden. Oòrùn ń ràn yòò nígbà tí wọ́n dé iwájú obìnrin tó ń yẹ ìwé wò. Wọ́n kí i kú òtútù. Obìnrin náà wo ìta, ó wo bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń gbọ̀n jìnnìjìnnì, ó gbà pé òtútù ń mú wọn lóòótọ́, ó sì lu ìwé wọn ní òǹtẹ̀.