Ìlà Tí Mo Ní Ó Gùn

Ara mi kì í balẹ̀ nílé bàbá ará Hong Kong tí mò ń tọ́jú ní Staten Island, nílùú òyìnbó. Ìwẹ̀ rẹ̀ kò yọ mí lẹ́nu, oògùn rẹ̀ kò yọ mí lẹ́nu. Ìbéèrè rẹ̀ ló ń sú mi: "Ṣé o ti forúkọ sílẹ̀ láti dìbò?" Èmi ti di ọmọ orílẹ̀-èdè yìí, òun ò tíì gbàwé tirẹ̀, kò lè dìbò. Kò mọ̀ pé wọ́n ti gbé àpótí ìbò sá lọ lójú mi l'Ékòó rí, tí mo sì búra pé n kò bá wọn ṣe é mọ́.

Ọ̀rọ̀ aṣòfin kì í tán lẹ́nu bàbá yìí. Nígbà èwe rẹ̀ ní Hong Kong, gómìnà ló ń yan gbogbo wọn. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí àwọn lọ́yà yan tiwọn, kí àwọn olùkọ́ yan tiwọn. Olùkọ́ lòun. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún mẹ̀kúnnù ní àga díẹ̀ nílé aṣòfin láti dìbò yàn, ìbò dé, ìbò lọ, wọ́n ń bù ú kún. Ó ní àwọn tó ń tò sórí ìlà láti dìbò ló jẹ́ kó máa pọ̀ sí i. Àfi bí Ṣáínà, tó ti wá ń ṣàkóso wọn, ṣe yí òfin padà, tí wọ́n gba èyí tó pọ̀ jù padà.

Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, a kì í wojú àgbà ká ní rárá. Nígbà tó tún béèrè, mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá, mo ti forúkọ sílẹ̀." Mo rò pé ó parí síbẹ̀.

Lọ́jọ́ ìbò aṣòfin, ọmọ rẹ̀ obìnrin wá jókòó tì í kí n lè lọ dìbò. Ibùdókọ̀ ojú omi ní St. George ni mo lọ jókòó sí, mò ń wo àwọn èèyàn tó ń sọ̀ kalẹ̀, inú ń bí mi sí ara mi. Wọ́n ní irọ́ lè lọ fún ogún ọdún kí òótọ́ tó bá a. Tèmi ò tiẹ̀ lo oṣù méjì.

Bí mo ṣe wọlé, bàbá ní báwo ni ìbò. Mo ní ìlà gùn jù, mo ṣẹ́rí padà.

Inú rẹ̀ dùn. Ó ní kò burú, ilẹ̀ ò tíì ṣú, wọn ò tíì ti ibẹ̀. Ó ní kí n gbé bàtà òun wá, òun á bá mi tò. Bàbá tí kò dé ẹnu ọ̀nà láti ìgbà ooru!

Mo kúnlẹ̀, mo wọ ọ̀kan fún un, mo so okùn rẹ̀. Kí n tó mú èkejì ni mo sọ fún un pé n kò forúkọ sílẹ̀ rí. Kò bínú. Ì bá kúkú bínú. Ó na ẹsẹ̀ tí mo ti wọ bàtà sí padà sí mi, ó ní kí n bọ́ ọ.