Géètì Tí Ó Ń Ti Ara Rẹ̀

Lọ́dún àkọ́kọ́ tí àbúrò bàbá mi ṣe iṣẹ́ wolé-wolé ní káńsù, ó wọn ọgbà adágún ìwẹ̀ kan láti inú, dípò kí ó wọ̀n ọ́n láti ìta. Nínú, ọgbà náà ga ju àyà rẹ̀ lọ, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó pé. Níta, ẹnìkan ti da òkìtì iyanrìn tì í. Ní ọjọ́ kẹta, ewúrẹ́ aládùúgbò gun iyanrìn, ó fò, ó sì já sínú omi.

Nínú ẹbí wa, wọ́n máa ń sọ pé ewúrẹ́ náà kú. Àṣìsọ ni. Ewúrẹ́ náà lúwẹ̀ẹ́ dé ibi àtẹ̀gùn, ó gbọn ara rẹ̀, ó sì jẹ aṣọ ìnura onílé. Ṣùgbọ́n aládùúgbò tí ó ni ewúrẹ́ náà ló tún ni ìbejì ọmọ ọdún méjì. Bàbá Kékeré, bí àwa ọmọ ṣe ń pe àbúrò bàbá mi yìí, padà lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, ó gba ìwé àṣẹ tí ó ti fọwọ́ sí, ó sì fà á ya lójú onílé.

Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń yẹ ọgbà wò lórí eékún. Yóò kúnlẹ̀ níta, yóò máa wọ́ yí i ká bí ọmọ ọdún mẹ́ta. Ohunkóhun tí ọmọ bá lè tẹ̀ gùn, ìbáà ṣe garawa, àga, tàbí ìkòkò òdòdó, ó gbọ́dọ̀ kúrò nítòsí. Lẹ́yìn náà ni yóò dojú kọ géètì. Yóò ṣí i níwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, yóò fi í sílẹ̀. Yóò ṣí i dé ìdajì, yóò fi í sílẹ̀. Yóò ṣí i pátápátá. Ní ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, géètì gbọ́dọ̀ padà wá ti ara rẹ̀, kí ìkọ́ rẹ̀ sì dún kẹ́, láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn bíríkìlà sọ ọ́ ní Ẹ̀ẹ̀mẹta. Bí wọ́n bá ti rí i lókèèrè, wọn a ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹta ń bọ̀ o! Ẹ gbé àga ńlẹ̀!" Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òfin ló ní kí a dán an wò lẹ́ẹ̀mẹta. Òfin kò sọ bẹ́ẹ̀. Òfin ní kí géètì máa ti ara rẹ̀, kí ìkọ́ rẹ̀ sì ga ju ibi tí ọwọ́ ọmọdé lè dé lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta jẹ́ ti Bàbá Kékeré.

Mo ṣì rántí ṣòkòtò rẹ̀ tí ó máa ń ṣá ní eékún kí ó tó ṣá níbòmíràn, àti òórùn oògùn tí wọ́n ń dà sómi adágún, tí ó máa ń bá a wọlé wa nírọ̀lẹ́.

Ní ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́, àrùn rọpárọsẹ̀ mú ìyá mi ní apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún. Nọ́ọ̀sì tí ó ń tọ́jú rẹ̀ sọ pé nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹsẹ̀ náà lè tún ìrìn kọ́, ṣùgbọ́n kí a má fi falẹ̀, torí ẹsẹ̀ tí a kò bá lò yóò gan. Bàbá mi, tí í ṣe káfíńtà, kó àwọn bíríkìlà wá. Wọ́n gbẹ́ adágún kékeré kan sẹ́yìn ilé ìdáná wa, ìṣísẹ̀ mẹ́rin ní gígùn. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ọgbà àti géètì. Ó ku ìwé àṣẹ, nítorí a kò gbọdọ̀ bu omi sí i kí káńsù tó fọwọ́ sí i. Ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń ṣe iṣẹ́ yìí ní káńsù nígbà náà.

Ó dé ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ó kí gbogbo wa, ó sì kúnlẹ̀.

Bàbá mi pariwo láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn: "Ìwọ ọmọ yìí, ọgbà tèmi náà lò ń fi eékún wọ́ yí ká?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí báyìí. Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ àgbà."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín lórí àga rẹ̀. Ọgbà yege. Nígbà tí ó dé ibi géètì, ó ṣí i níwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, ó fi í sílẹ̀. Géètì dúró síbẹ̀, ó ń wò ó.

"Ẹ̀gbọ́n, sípíríǹgì ibí yìí dà?"

"Mo tú u. Ó le jù. Nọ́ọ̀sì á máa fi ọwọ́ méjèèjì di ìyàwó wa mú. Èmi ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ọmọ ti lọ sí ilé ìwé. Ọwọ́ kẹta wo ló máa di géètì mú?"

"Ẹ dá a padà, Ẹ̀gbọ́n."

"Kò sí ọmọdé nínú ilé yìí!"

"Ewúrẹ́ náà ò sí nínú ilé ọjọ́sí."

"Ta ló ń pọ̀n ọ́ lọ sílé ìwé nígbà tí o wà ní kékeré?"

"Ẹ̀yin ni. Ẹ ò sì jẹ́ kí n dá títì sọdá rí."

Bàbá mi yí padà, ó sì wọlé. Ìyá mi ló sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ń wúwo lẹ́nu rẹ̀ nígbà náà.

"Ọkọ mi, ṣé kí n máa wo omi láti ojú fèrèsé ni?"

"Ìyàwó wa, ẹ máa wọ omi. Géètì nìkan ni ò ní wà ní ṣíṣí."

"Ta ló máa wá ṣí i?"

"Ṣé èmi ò lọ́wọ́ ni?"

Bàbá mi dá sípíríǹgì padà ní ọjọ́ náà pẹ̀lú ìbínú. Géètì ti ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, Bàbá Kékeré sì fọwọ́ sí ìwé. Láti ọjọ́ Mọ́ńdè, ní aago méje kí ó tó lọ sí ọ́fíìsì, yóò ti dúró sẹ́yìn ilé wa. Ṣùgbọ́n kò ní ṣí géètì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Yóò ní, "Ìyàwó wa, ọwọ́ ọ̀tún dà?" Ìyá mi yóò gbé e sókè síhà ìkọ́. Ní oṣù kìíní, ọwọ́ náà kò kọjá ìbàdí. Ní oṣù kẹta, ó dé àyà. Ibi èjìká ni ìkọ́ wà, kí ọwọ́ ọmọdé má baà dé e, bí òfin ṣe sọ. Nígbà tí agbára ìyá mi bá tán, Bàbá Kékeré yóò ṣí i, yóò fi ẹ̀yìn tì í kí àwọn méjèèjì lè kọjá, yóò sì dúró gbọ́ kẹ́ náà kí ó tó lọ. Ó tó oṣù méje tí òun àti bàbá mi fi ń kí ara wọn bí àlejò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìsinmi ilé ìwé kan, mo wà nílé. Táyà kẹ̀kẹ́ Bàbá Kékeré jò lójú ọ̀nà, ó pẹ́. Nígbà tí ó fi sáré dé, géètì wà ní títì, ìyá mi sì wà nínú omi títí dé àyà.

"Ta ló ṣí i?"

"Ọkọ mi," ni ìyá mi wí, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ yọ nínú omi, "ẹ pẹ́."

Nọ́ọ̀sì gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè láti fi hàn pé kì í ṣe òun. Bàbá Kékeré dojú kọ géètì. Ó ṣí géètì níwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, ó fi í sílẹ̀. Ó ṣí i dé ìdajì. Ó ṣí i pátápátá. Kẹ́, kẹ́, kẹ́. Ó nu ojú, ó sì ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bàbá mi rán mi sí i pẹ̀lú tìmùtìmù kékeré méjì olókùn, èyí tí ènìyàn lè so mọ́ eékún. Ó ní, "Sọ fún ọmọ ìyá mi pé wọn kì í ta eékún lọ́jà." Bàbá Kékeré so wọ́n mọ́ eékún lójú mi, ó kúnlẹ̀ wò, ó ní kí n sọ fún ẹ̀gbọ́n òun pé ti apá òsì ga ju ti apá ọ̀tún lọ díẹ̀. Òótọ́ ni. Mo wọ̀n wọ́n.

Ìyá mi fi ọ̀pá rìn fún ọdún mọ́kànlá sí i. Òun àti bàbá mi ti di olóògbé. Àwọn tí ó ra ilé ti dí adágún náà, wọ́n gbin òdòdó sí i. Bàbá Kékeré ti fẹ̀yìn tì. Nígbà tí mo gbọ́ ìròyìn rẹ̀ kẹ́yìn, ní oṣù méjì sẹ́yìn, ó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà, nínú yàrá ẹ̀yìn ní ilé alájà méjì kan nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Kò sí adágún níbẹ̀.