Hersilia àti Ìka Tí Kò Gbọ́ràn

Ìtàn tèmi kò rìn jìnnà. Abẹ́ òrùlé gígùn tó wà níwájú ọ́fíìsì nótárì, òṣìṣẹ́ tó ń fọwọ́ sí ìwé òfin nílùú wa, ló jókòó sí, lórí òkè Boyacá, níbi tí òtútù ti ń jí ṣáájú àkùkọ.

Obìnrin kan wà níbẹ̀, Hersilia Bohórquez lorúkọ rẹ̀, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Àwọn tí kò mọ̀wé kọ, àtàwọn tó mọ̀ ọ́n kọ ṣùgbọ́n tí ìwé ìjọba ń dẹ́rù bà, iwájú tábìlì rẹ̀ ni wọ́n ń tò sí. Ẹni tí wọ́n gé omi ilé rẹ̀, ẹni tí màlúù aládùúgbò wọ oko ọ̀dùnkún rẹ̀, opó tó ń wá ìwé òkú ọkọ, wọ́n á rojọ́, òun á fi táíparáítà tẹ̀ ẹ́. Ogójì ọdún ló fi ṣe é. Èmi ni mo ń ta kọfí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́tà A, bó tóbi bí àgbò, n kò lè dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá dijú, mo mọ ìró ìka Hersilia láàárín gbogbo akọ̀wé abẹ́ òrùlé yẹn. Òjò ni, òjò tó ń rọ̀ sórí páànù.

Ni ìjọba ìlú bá mú ìwé wá lẹ̀ mọ́ ògiri. Wọ́n ní akọ̀wé tó bá fẹ́ máa jókòó síbẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò lórí kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kẹ́yìn oṣù. Ẹni tó bá kùnà, kó gbé tábìlì rẹ̀ lọ.

"Ó tán!" Don Anselmo Pulecio ló sọ̀rọ̀, akọ̀wé tó kángun sí i, ọkùnrin tín-ín-rín tí fìlà rẹ̀ kì í kúrò lórí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti kọ́ ọ ní kọ̀ǹpútà láti ọjọ́ pípẹ́. "Hersilia, wá máa bá wa ta kọfí."

"Màá kọ́kọ́ kọ ìwé ìsìnkú ẹ ná, Anselmo. Ọ̀fẹ́ ni màá fi ṣe."

Ẹnu ló fi sọ ọ́. Kíá ló ti fa ruana, aṣọ òtútù rẹ̀, mọ́ra, tó dìde.

Ilé ìkàwé ló gbà lọ. Yamile Suescún, ọmọbìnrin tó ń tọ́jú ìwé níbẹ̀, ló gbà láti máa kọ́ ọ láràárọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí Hersilia ti tẹ ìlà kan dé etí, ọwọ́ òsì rẹ̀ fò sókè láti gbá apá irin tí táíparáítà fi ń bọ́ sórí ìlà tuntun. Kò sí apá irin níbẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà ló gbá, gbàgà! Díẹ̀ ló kù kó ṣubú.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lù ú. Kò ṣẹ̀ yín."

"Ọwọ́ mi ni, ọmọ mi, kì í ṣe èmi."

Ọwọ́ òsì padà jókòó jẹ́ẹ́. Ìka kékeré ti ọwọ́ ọ̀tún ni kò gbọ́. Hersilia ti rí bọ́tìnnì kan lápá ọ̀tún tó ń múni bọ́ sórí ìlà tuntun, ó ní apá irin tiwọn nìyẹn. Bí ìlà bá ti fẹ́ parí, kàn! Ìlà mìíràn, kàn! Ó tẹ ojú ìwé kan tán, ó dọ́gba bí eyín àgbàdo.

"Ó dáa," Yamile wí. "Ẹ wá fi ọ̀rọ̀ méjì kún ìlà àkọ́kọ́."

Ó fi kún un. Ìwé bá tú ká. Ìlà kan gùn, èkejì rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó dá dúró bí ẹni tí bọ́ọ̀sì fi sílẹ̀. Hersilia dìde fùú.

"Kọ̀ǹpútà yìí burú!"

Yamile tẹ nǹkan kan. Àmì kékeré bí ìwọ̀ apẹja yọ jáde ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan. "Ẹ̀yin lẹ kàn wọ́n níṣòó, Màmá. Ibi tẹ́ ẹ bá ti tẹ bọ́tìnnì yẹn, ìlà ò lè kúrò níbẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ máa lọ. Tó bá dé etí, òun fúnra ẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀. Ìgbà tí ìpínrọ̀ bá parí, tẹ́ ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òmíràn, lẹ ń tẹ̀ ẹ́."

"Kí n fi sílẹ̀? Tó bá já bọ́ ńkọ́?"

"Kò ní já bọ́."

Ó rọrùn fún ọmọdé láti sọ. Lórí táíparáítà, bí o kò bá yí i padà, lẹ́tà á máa gun orí ara wọn létí ìwé. Ogójì ọdún ni aago kékeré inú ẹ̀rọ yẹn ti ń pe obìnrin yìí ní òpin ìlà, tó sì ń dáhùn. Báwo ló ṣe fẹ́ di etí sí i láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kù?

Ara rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Bó bá ń jẹ arepa, àkàrà àgbàdo wa, ìka yẹn á máa ta lórí rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí àdúrà bá ti dúró díẹ̀, kàn! lórí àga. Á jókòó, á dìde, á lọ dé igun ọ̀nà, á padà.

"Ta lò ń kàn níṣòó, Hersilia?" Anselmo á bi í.

"Ẹnu ẹ ni."

Jímọ̀ dé. Àwọn mẹ́jọ ló jókòó nílé ìkàwé. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kọfí mi. Señor Wilches, òṣìṣẹ́ ìjọba tó mú òǹtẹ̀ dání, ní kí wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ nítorí afárá tó wó, ní orúkọ obìnrin kan, Rosa Páez. Wákàtí kan ni wọ́n ní.

Òjò ìka Hersilia bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó parí ṣáájú rẹ̀. Wilches bẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Orúkọ olùbẹ̀bẹ̀ ti yí padà. María del Tránsito Barrera Cuervo ni. Ẹ yí i níbi gbogbo."

Ó yí ti àkọ́kọ́, ìwé tú. Ó yí ìkejì, ó tún tú sí i. Ìka yẹn ti kan gbogbo rẹ̀ níṣòó, òun kò sì mọ̀! Ó gbìyànjú láti yọ ìṣó kan, ó bá a yọ odidi ọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún ló kù.

"Ìṣó pọ̀ o," Anselmo sọ láti ẹ̀gbẹ́, kò tilẹ̀ wojú rẹ̀.

Hersilia dìde. Mo ní ó ti tán nìyẹn. Ó fa rìbọ́ọ̀nù irun rẹ̀ já, ó fi di ìka kékeré ọ̀tún mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e, ó fi eyín fà á le. Ó jókòó. Ó pa gbogbo ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà rẹ́. 

Òjò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá ti dé etí ìlà, ìgúnpá rẹ̀ á ta bí ẹja inú àwọ̀n, ṣùgbọ́n ìka ò níbi tó ń lọ. Ọ̀rọ̀ sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó tún sọ̀. Ìgbà tí ìpínrọ̀ bá parí nìkan ló ń dúró, á mí, á sì na ọwọ́ gbọọrọ tẹ bọ́tìnnì náà, bí ẹni ń fọwọ́ kan iná.

Wilches padà dé. "Orúkọ tuntun lẹ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀? Rárá o, yíyí padà là ń dán wò. Ẹ dá Rosa Páez padà."

Hersilia sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà. Ó pa orúkọ gígùn rẹ́, ó kọ èyí kúkúrú. Àwọn ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e sún mọ́ra wọn wọ́ọ́rọ́wọ́, bí àwọn ènìyàn lórí bẹ́ǹṣì nígbà tí ẹnì kan dìde. Kò sí èyí tó dá dúró, kò sí èyí tó já bọ́. Ó yí ìkejì, ìkẹta, ìkẹrin.

"Hersilia," Anselmo wí jẹ́jẹ́, "tú ìka yẹn sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú ẹ̀."

Kò gbọ́. Wilches tẹ ìwé náà jáde, ó wò ó sókè wò ó sílẹ̀, ó lu òǹtẹ̀ mọ́ káàdì tó fún un láyè abẹ́ òrùlé, ó nà án sí i. Kò gbà á. Ojú kọ̀ǹpútà ló ń wò, orí rẹ̀ tẹ̀ síwájú, irun rẹ̀ tú sí èjìká.

"Ẹ fún mi ní orúkọ míì kí n yí i," ó ní. "Ẹ fún mi ní èyí tó gùn dáadáa."