Ọjọ́ Tí A Gbé Ẹ̀rọ Ọ́síjìn Kúrò Lọ́dọ̀ Ìyá Ọkọ Mi

Ilé ìwòsàn mẹ́ta ló ni ẹ̀rọ ọ́síjìn kan ṣoṣo yẹn, èyí tó ń fa ọ́síjìn jáde láti inú afẹ́fẹ́, tí tirẹ̀ kì í tán bíi ti sílíńdà. Tiwa wà ní abúlé kan lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá, èkejì wà ní òdìkejì odò, ẹ̀kẹta sì wà nítòsí ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Kò sí èyí tó ju bẹ́ẹ̀dì mẹ́jọ lọ nínú wọn, kò sì sí èyí tó ní dókítà tirẹ̀. Dókítà kan tó ń jókòó ní Ìbarà ló ń bójú tó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti ojú tábílẹ́ẹ̀tì tí wọ́n pín fún wa. Òun ni ojú, àwa nọ́ọ̀sì ni ọwọ́. Àdéhùn wa lórí ẹ̀rọ náà kò lọ́jú pọ̀ rárá: ẹni tí àìsàn rẹ̀ bá le jù lọ ni wọ́n ó gbé e fún, ibi yòówù kó wà. Èmi gan-an ni mo ní kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà wá jiyàn lọ́la.

N kò mọ̀ pé ìyá ọkọ mi ni yóò wà nídìí ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ tí wọ́n máa béèrè rẹ̀.

Màmá kì í ṣe ará abúlé. Aké ni ilé wọn, aṣọ ni wọ́n sì ti ń tà kí wọ́n tó bí ọkọ mi. Wọ́n wá kí àbúrò wọn tó ń dáko lẹ́bàá ọ̀dọ̀ wa ni òjò fi pa wọ́n, ikọ́ sì bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àbúrò wọn fi máa gbé wọn dé ọ̀dọ̀ mi lórí ọ̀kadà, ètè wọn ti ń ṣú. Dókítà wò wọ́n láti ojú tábílẹ́ẹ̀tì, ó ní òtútù àyà ni, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́, kí n sì fi ọ́síjìn sí wọn nímú. Ọkọ mi pè láti Èkó níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, ó ní kí a gbé wọn lọ sí ìgboro. Dókítà ní kí wọ́n má tíì gbé wọn rìn. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, Màmá ti ń béèrè ògì, wọ́n sì ti ń sọ pé ibùsùn wa le bí àpáta.

Lọ́jọ́ kẹta náà, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, tábílẹ́ẹ̀tì dún. Dókítà wà lójú rẹ̀, nọ́ọ̀sì òdìkejì odò náà sì wà níbẹ̀, ọmọbìnrin kan tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi.

“Mà, ẹ jọ̀ọ́,” ló sọ, kò tilẹ̀ kí mi. “Ọmọ oṣù mẹ́ta ni. Tó bá ti mí, àyà rẹ̀ á wọnú. Sílíńdà wa ò lè tó wákàtí kan mọ́.”

“Mélòó ni ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀?”

“Méjìdínlọ́gọ́rin, mà.”

Mo ń gbọ́ ọmọ náà lẹ́yìn rẹ̀. Kì í ṣe ẹkún. Ó ń kùn ni, bí ẹni tó gbé ẹrù tó wúwo.

Dókítà ní, “Mátírọ́ọ̀nù, ta ló wà lórí ẹ̀rọ lọ́dọ̀ yín?”

“Màmá àgbàlagbà kan ni, Dókítà.” N kò tíì sọ fún un rí pé ìyá ọkọ mi ni.

“Mélòó ni tiwọn báyìí?”

Mo wo ẹ̀rọ kékeré tó há mọ́ ìka Màmá. Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ló wà lójú rẹ̀, kedere, nọ́ńbà ẹni tí ara rẹ̀ ti ń yá.

“Àádọ́rùn-ún,” ni mo wí.

Ó ti jáde kí n tó mọ ohun tí mo sọ. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, n kò pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Dókítà sún mọ́ ojú tábílẹ́ẹ̀tì. Ó ní, “Ẹ yí kámẹ́rà sí i, kí n rí i.”

Mo lè ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dára. Mo lè fa ẹ̀rọ ìka yẹn yọ kí nọ́ńbà náà pòórá. Gbogbo rẹ̀ ló sọ sí mi lọ́kàn. Ọmọ yẹn ṣì ń kùn. Mo yí kámẹ́rà sí ìka Màmá.

“Mo ti rí i,” ni Dókítà wí.

“Ìyá ọkọ mi ni, Dókítà.”

Kò bá mi wí. Ó ní, “Ẹ gbọ́ mi dáadáa.” Ó ní kí n gbé Màmá sórí sílíńdà kékeré tó kù lọ́dọ̀ wa, kí n ṣí i díẹ̀, yóò gbé wọn dé aago méjì. Ilé ìwòsàn kẹta ní sílíńdà tó kún, wọn yóò gbé e wá fún mi kí ó tó di àkókò yẹn. Kí kẹ̀kẹ́ Márúwá wa gbé ẹ̀rọ lọ fún ọmọ náà kíákíá.

Bí mo ṣe ń pààrọ̀ okùn ọ́síjìn tó wà nímú wọn, Màmá di ọwọ́ mi mú. “Ìyàwó, mo rí nọ́ńbà yẹn o.”

Mo kúnlẹ̀.

“Ta ni wọ́n fẹ́ gbé e fún?”

“Ọmọ oṣù mẹ́ta kan ni, mà.”

“Ṣé èmi ò ní kú?”

“Ẹ ò ní kú, mà.” Mo sọ ọ́ bí ẹni tó dá a lójú.

Kẹ̀kẹ́ lọ. Aago méjìlá kọjá, ọwọ́ ìwọ̀n tó wà lára sílíńdà ń lọ sílẹ̀. Nígbà tó di aago kan, fóònù dún. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kẹta ni. Tírélà kan tó kó òkúta ti ṣubú dábùú ọ̀nà, ọkọ̀ wọn ò rí ibi kọjá. Mo ní kí ó wá ọ̀nà mìíràn. Ó ní kò sí. Mo pe Dókítà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ.

Mo gbé Màmá jókòó, mo kó ìrọ̀rí sí wọn lẹ́yìn, mo dín ọ́síjìn kù kí ó lè pẹ́. Mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún. Méjìléláàádọ́rùn-ún. Wọ́n ń ka tẹ̀súbà wọn, ètè wọn ń mì, mo sì ń wo àwọ̀ ètè náà ju nọ́ńbà lọ. Nígbà tó yá, àádọ́rùn-ún tí mo fi parọ́ láàárọ̀ dé ní òótọ́.

Ìgbà yẹn gan-an ni ọkọ mi wọlé. Ó ti gbàyè níbi iṣẹ́ ní Èkó láti wá wo ìyá rẹ̀.

“Ìyá Ìbejì, ẹ̀rọ dà?”

Mo sọ fún un.

“O gbé e fún ẹlòmíì? Ìyá mi nìyí!”

“Mo mọ̀.”

“O mọ̀ kẹ̀? Kí lo mọ̀? Tó bá jẹ́ ìyá tìẹ ńkọ́?”

Màmá gbé ọwọ́ sókè. Ó ṣòro fún wọn láti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n sọ ọ́: “Jókòó. O ń gba afẹ́fẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.”

Ó jókòó. Kò wojú mi. Ọwọ́ ìwọ̀n ti wọ ibi pupa. Nọ́ńbà ti di méjìdínláàádọ́rùn-ún nígbà tí mo gbọ́ ìró ọ̀kadà. Àwọn tó ń kó òkúta ló bá wọn gbé sílíńdà kọjá lára tírélà, nọ́ọ̀sì náà sì jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà, ó gbá a mọ́ àyà dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹrẹ̀ bò ó títí dé orúnkún. A ò kí ara wa. Sípánà bọ́ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì. Òun ló gbà á, tó fi dè é. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú okùn, mo lọ sẹ́yìn ilé, mo sunkún.

Nọ́ńbà Màmá gòkè padà. Ní ìrọ̀lẹ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé, ọmọbìnrin òdìkejì odò ní ọmọ náà ti ń mu ọmú.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, gbogbo wa pàdé lójú tábílẹ́ẹ̀tì. Mo sọ fún wọn pé mo parọ́, mo sì sọ iye tí mo pè. Mo ní kí wọ́n fi kún àdéhùn wa pé ẹni tí èèyàn rẹ̀ bá wà lórí ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ ka nọ́ńbà, Dókítà ni kó kà á láti ojú kámẹ́rà. Nọ́ọ̀sì tó gbé sílíńdà wá ní kí wọ́n fi kún un pé ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní sílíńdà kan tó kún, nítorí tírélà kì í gbọ́ àdéhùn. A kọ méjèèjì.

Ọkọ mi ò bínú mọ́ lójú, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni. A jókòó nílé wa ní Adigbẹ, Màmá ti padà sídìí aṣọ wọn, ó kàn bi mí léèrè pé, “Tí sílíńdà yẹn ò bá dé ńkọ́?”

Mo ní n kò mọ̀.

Ó mi orí. Ó ní, “Ọmọ yẹn ńkọ́?”

Mo sọ fún un pé ọmọ náà ti ń dá jókòó.