Ìlà Mẹ́ta Tí Ọ̀gágun Fi Bírò Pupa Pa

Bí ẹ bá dé Iba, tí ẹ ń wá ẹni tó lè bá yín tẹ ìwé láìṣàṣìṣe, ṣọ́ọ̀bù Ìyá Joy ni wọn yóò júwe fún yín. Sẹ̀gilọlá lorúkọ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ mú o, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé jágbajàgba iṣẹ́ wá tí kò ní í gbọ́ tiẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí oníwèé bá kọ ló ń tẹ̀, ohun tí wọ́n bá sì pa rẹ́ kò kàn án.

Òun náà ló wá jókòó lọ́sàn-án gangan, tí ìwé kan wà níwájú rẹ̀ tí kò lè tẹ̀.

Ọ̀gágun Dúrósinmí, ọ̀gá sójà tó ti fẹ̀yìn tì, ló gbé ìtàn ogun Làìbéríà tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ wá. Ogun yẹn ni Sájẹ́ńtì Joseph Ayọ̀délé, bàbá Sẹ̀gilọlá, lọ tí kò padà. Ìròyìn tó délé ni pé ó sá lójú ogun. Ìtìjú lé ìyá Sẹ̀gilọlá jáde ní báráàkì lọ sí yàrá kan ní Okokomaiko, àwọn tó mọ̀ wọ́n sì ń pe Sẹ̀gilọlá ní ọmọ ojo. Nínú gbogbo àwọn tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ọ̀gágun yìí nìkan ló ṣẹ́ kù láyé. Sẹ̀gilọlá kò sọ ọmọ ẹni tí òun í ṣe fún un. Ojoojúmọ́ ló ń ṣí ìwé náà tìbẹ̀rùtìbẹ̀rù.

Lónìí ló kan orúkọ bàbá rẹ̀. "Sájẹ́ńtì Ayọ̀délé sá, afárá sì bọ́ lọ́wọ́ wa." Inú rẹ̀ bàjẹ́ gidigidi. Ṣùgbọ́n lókè gbólóhùn yẹn, wọ́n ti fi bírò pupa pa ìlà mẹ́ta rẹ́. Ó gbé ìwé náà sún mọ́ ojú fèrèsé, ó kà á.

"Mo ní kí Ayọ̀délé má kúrò lórí afárá títí màá fi ránṣẹ́ sí i. Ilẹ̀ gbóná, a kó kúrò. N kò ránṣẹ́."

Ẹ̀rù bà á. Bó bá tẹ irọ́ yẹn, irọ́ ni ayé yóò máa kà. Bó bá sì tẹ òótọ́, ọ̀gágun lè gba ìwé rẹ̀ kó fà á ya, ó tán nìyẹn. Ó tẹ ìlà mẹ́ta yẹn, ó fo irọ́.

Nígbà tí ọ̀gágun dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kà á débẹ̀, ó fi ìka lé e.

"Ìyá Joy, ṣé o ò rí i pé mo ti cancel eléyìí ni?"

"Mo rí i, sà."

"Kí ló dé tó o wá táìpù ẹ̀?"

"Ẹ má bínú, bàbá. Ta ló tún kù tó lè sọ ọ́? Ẹ̀yin nìkan lẹ ṣẹ́ kù nínú àwọn tó wà níbẹ̀. Èmi lọmọ Ayọ̀délé."

Ọ̀gágun bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó wọ̀ ọ́ padà, ó na ọwọ́ mú bírò. Sẹ̀gilọlá rò pé ó tún fẹ́ pa á rẹ́ ni. Bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sórí ìwé, ó kọ̀wé sábẹ́ ìlà kẹta, ó sì tì í sí Sẹ̀gilọlá.

"Fi èyí kún un."

Ohun tó kọ nìyí: "Ayọ̀délé kò sá. Èmi ni mo sá."

Sẹ̀gilọlá tẹ̀ ẹ́ bó ṣe kọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ṣì í tẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́ dáadáa.